Páìpù Tó Gba Ìyá Ọkọ Mi Lọ́wọ́ Mi

Tí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò wa léèrè ohun tí páìpù ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn, kálukú á ka tiẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà á ní ó gba àyè òun. Àwọn ọlọ́kadà á ní ó gba ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń gbà láti Màpó bọ́ sí Ọjà'ba. Èmi, ìyá ọkọ mi ló gbà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó sì gbé wọn fún, mo mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mò ń wò láti ojú fèrèsé mi báyìí. Ẹ má pè é ní ìbínú. Owú ni. Mo ti dàgbà kọjá kí n máa wá orúkọ mìíràn fún un.

Ìsàlẹ̀ Màpó ni ilé wa wà, ní ọ̀nà tóóró kan tó dà sí Ọjà'ba. Ilé méjì ni bàbá ọkọ mi kọ́ kí wọ́n tó kú, ilé méjèèjì kọjú síra wọn, ọ̀nà ló là wọ́n láàárín. Ọkọ mi tó jẹ́ àkọ́bí ló ni ti ọ̀tún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí mò ń pè ní ọkọ mi kékeré, ló ni ti òsì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, nítorí náà ìyálé ni obìnrin náà ń pè mí, èmi náà sì ń pè é ní ìyàwó títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti wà lórí òun náà.

Nígbà tí ọkọ mi kú, gbogbo ẹbí rò pé Ìyá máa kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn tó kù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi ti jáde nílé, oníkálukú wà níbi tí oúnjẹ òòjọ́ gbé e lọ, kí ni arúgbó ń wá lọ́dọ̀ opó? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nínú tàkábà, Ìyá gbé ẹní wọn wá sí yàrá mi, a jọ ń sùn, a jọ ń sunkún. Nígbà tí mo parí tàkábà, mo ń retí kí wọ́n ká ẹní náà. Wọn ò ká a. Wọ́n ní, "Èmi àti ìwọ la jọ ni ẹni tó lọ. Ibo lo fẹ́ kí n lọ?"

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di tèmi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní tèmi. Wọ́n ní yàrá tiwọn lápá iwájú, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó wù wọ́n tí wọn ò ní wọ tèmi. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn, wọn kì í ké àgò. Wọ́n á kàn ti ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, bí mo wọṣọ, bí mi ò wọṣọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ orúnkún wọn fún mi. Nígbà mìíràn ó máa ń sú mi. Ẹ wo nǹkan tó ń sú mi nígbà yẹn.

Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè, tí mò ń tà ní Ọjà'ba. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò mi wà. Bí mo bá sọ ọṣẹ kalẹ̀, èyí tí mo bá kọ́kọ́ bù, ti Ìyá ni. Èmi ni mò ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn wọn láràárọ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ní kí n dúró, kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, lábẹ́ èjìká apá òsì. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibẹ̀ láyé yìí.

Kí n má purọ́ mọ́ ìyàwó, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ká ní ó burú ni, ẹ̀jọ́ á ti tán. Ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tí inú rẹ̀ máa ń dùn ni. Abọ́ àná lè wà nílẹ̀ títí oòrùn á fi kàn án, òun á jókòó tì í, á máa sín àwọn èèyàn àdúgbò jẹ, bí ẹni yìí ṣe ń rìn, bí tọ̀hún ṣe ń húkọ́. Ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n á ní ọmọ yẹn ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń fọ ẹ̀yìn wọn, wọn ò sọ rí pé mo pa àwọn lẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ páìpù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan dé, wọ́n dé akoto, wọ́n wọ bùútù, wọ́n ń fi okùn wọn ọ̀nà. Wọ́n ní páìpù ńlá máa gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, tí yóò máa kó ẹ̀gbin gbogbo ilé lọ, kí àwọn èèyàn lè ṣíwọ́ lílo ṣáláńgá. Wọ́n pe àwọn onílé sí ìpàdé, wọ́n ṣàlàyé fún wọn. Ọjà ni mo wà. Ta ló ń fi ọjà sílẹ̀ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́? Nígbà tí mo fi máa dé lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun àmì roboto kan sára ògiri mi, nọ́ńbà wà láàárín rẹ̀. Ó wà lára àwọn ilé kan lápá tiwa, ó wà lára ilé ọkọ mi kékeré náà.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn dáadáa mọ ohun tí ọ̀dà pupa ń wí lára ògiri. Gbogbo ibi tí wọ́n ti fẹ ọ̀nà rí, òun ló kọ́kọ́ ń dé kí katapíla tó dé. Ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, ilé tí Ìyá ń gbé! Mo wọ ẹ̀yìnkùlé, mo gbé ọṣẹ mi, mo gbé kẹrosíìnì àti kànrìnkàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri. Àwọn obìnrin apá tiwa rí mi, wọ́n ní kí n bu ọṣẹ fún àwọn náà. Mo bù fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri wa ti mọ́ tónítóní. Ìyá jókòó síbi ìloro, wọ́n ń wò mí, wọ́n ní ọṣẹ mi dára lóòótọ́. Orí mi wú.

Mo kọjá sí òdìkejì, mo ní kí ìyàwó náà wá fọ tiẹ̀. Ó ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́. Ó ní òun á fọ̀ ọ́ lọ́la. Ọ̀la yẹn ò tíì dé títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Katapíla dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kọ́ ló wó. Ilẹ̀ ló gbẹ́. Kòtò jíjìn kan gba àárín ọ̀nà wa sọ̀kalẹ̀, ó sì sún mọ́ apá tiwa, torí gọ́tà wà lápá tọ̀hún. Ọ̀kadà ò lè wọlé mọ́. Ẹrẹ̀ lọ́jọ́ òjò, eruku lọ́jọ́ ọ̀dá. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé pákó lé orí kòtò kí èèyàn lè máa rọ́nà kọjá, ibo sì ni wọ́n gbé e sí? Iwájú ilé ìyàwó gan-an, torí ó ti bá wọn ṣeré, ó ti bu omi tútù fún wọn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọjá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà. Àárọ̀ kùtù, ẹ kú ojúmọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, ẹ kú àbọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé òun ló ni àdúgbò.

Òjò ńlá kan wá rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ṣáláńgá wa wà, kò jìnnà sí kòtò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri ṣáláńgá ti ya sínú kòtò, àwọn òṣìṣẹ́ sì da òkúta àti iyanrìn dí i kí ẹnikẹ́ni má bàa jìn sí i. Èmi lè rìn lọ sílé ẹlòmíràn. Ìyá, pẹ̀lú orúnkún wọn, ibo ni wọ́n fẹ́ lọ, bí kò ṣe ilé ọmọ wọn ní òdìkejì? Mo máa ń dì wọ́n mú lórí pákó, ní lílọ ní bíbọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan pákó náà mì, sálúbàtà wọn bọ́ sínú ẹrẹ̀, Ìyá sì ké. Ọkọ mi kékeré sáré jáde, ó pọ̀n wọ́n bí ọmọdé, ó gbé wọn wọlé tiẹ̀. Ó wá bá mi, ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní kí n má bínú, kí Ìyá dúró lọ́dọ̀ àwọn títí wọ́n á fi dí kòtò. Kí ni mo fẹ́ wí? Ọmọ wọn ni, ilé wọn ni.

Ìyá ní kí n di aṣọ díẹ̀ fún àwọn àti tẹ̀sùbáà wọn. Mo fẹ́ mú kẹ́tùrù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá mọ́ ọn, èyí tó ti tẹ̀ wọnú, tí mo máa ń gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí fún wọn láàárọ̀. Wọ́n ní, "Fi í síbẹ̀. Mò ń bọ̀ náà." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu kẹ́tùrù náà, tí mo ń gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn.

Bí mo ṣe di ẹni tí ń ṣọ́ fèrèsé nìyẹn. Mi ò lọ sọ́jà bọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé àga jáde fún Ìyá, bí ìyàwó ṣe ń jókòó tì wọ́n, bí ẹ̀rín ṣe ń ta. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín náà láti òdìkejì kòtò, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó máa ń ṣe mí bí i pé èmi ni. Mo se ẹ̀bẹ tí Ìyá fẹ́ràn, mo fi ẹja gbígbẹ sí i, mo gbé e gba orí pákó. Wọ́n ní Ìyá ti jẹ tàlíà, sìpàgẹ́tì yẹn. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ pé kòkòrò ni wọ́n máa ń pe tàlíà nílé mi!

Ọjọ́ mìíràn mo lọ kí wọn. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, wọ́n gbá mi mọ́ra, òórùn kan sì gbá mi nímú. Òórùn ọṣẹ olóòórùn dídùn ni, irú èyí tí wọ́n ń fi bébà pọ́nrin wé. Ó wà lọ́rùn wọn, ó wà lára ìborùn wọn. Ọṣẹ mi tí mo fi ránṣẹ́ wà lójú fèrèsé balùwẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti sán. Mo bi ìyàwó pé ta ló ń fọ ẹ̀yìn fún wọn. Ó ní Ìyá ń fọ̀ ọ́ fúnra wọn, pé òun ra búrọ́ọ̀ṣì olọ́wọ́ gígùn kan fún wọn lọ́jà, ó ń dé gbogbo ibi. Ìyá bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà láyé. Mo rẹ́rìn-ín náà. Nígbà tí mo délé ni mo tó sunkún, kì í ṣe díẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni ìyàwó gba orí pákó wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyálé mi, Ìyá ní kí n bá àwọn gba kẹ́tùrù."

Mo ní, "Kẹ́tùrù ò ní lọ síbì kankan. Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá lò ó níbí."

Ó wò mí, ó dìde. Lọ́jọ́ kejì mo rí kẹ́tùrù oníke tuntun, aláwọ̀ ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá.

Mo wá lọ bá fọ́mànù àwọn òṣìṣẹ́ náà. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa dí kòtò, mo sì fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún mi dípò èyí tó wó. Ọmọlúàbí ni, ó yọ akoto lórí kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìyá, ilé tí ọ̀dà pupa wà lára ẹ̀ la máa so mọ́ páìpù. Àwọn la máa ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjókòó fún. Ilé yín ò ní ọ̀dà."

Ilẹ̀ kò yanu. Mo dúró síbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ, ó ní àwọn sọ ọ́ níbi ìpàdé. Mo ní ó wà lára ògiri mi tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ó ní nígbà tí àwọn ẹnjiníà padà wá, ilé tí wọ́n rí ọ̀dà lára ẹ̀ nìkan ni wọ́n kó nọ́ńbà ẹ̀, pé wọ́n rò pé àwọn tó fọ tiwọn ní àwọn ò fẹ́. Tiwa di ìgbà mìíràn tí ìjọba bá tún rántí wa. Mo wo òdìkejì. Àmì roboto náà wà lára ògiri ìyàwó, ó pupa, eruku nìkan ló bò ó. Ọ̀lẹ ló gbè é. Èmi tí mo jí pépé, tí mo fọ ògiri, tí ọwọ́ mi bó, ọṣẹ ọwọ́ mi ló fọ ire mi dànù. Àwọn obìnrin tí mo bu ọṣẹ fún ò fẹ́ kí mi dáadáa mọ́ látìgbà náà.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo ra ọ̀dà pupa. Mo kun àmì roboto tèmi síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo kọ nọ́ńbà sí i láàárín. Fọ́mànù dé, ó dúró, ó wò ó títí. Ó ní, "Ìyá, èyí tóbi ju tiwa lọ." Ó rọra kọjá lọ.

Wọ́n so ilé ìyàwó mọ́ páìpù. Wọ́n gbé ìjókòó funfun kan wọ ibẹ̀, omi ń ṣàn nínú rẹ̀, wọ́n tún ri irin mọ́ ògiri fún Ìyá láti máa dì mú. Ìyá fúnra wọn ló mú mi lọ wò ó. Wọ́n jókòó sí i pẹ̀lú aṣọ lára, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní látìgbà tí orúnkún ti ń dun àwọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn ò bẹ̀rù àtilọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Ìjókòó funfun yẹn, mo jowú rẹ̀ bí ẹni ń jowú orogún.

Mo ní ó dáa, tí ìjọba ò bá ṣe é, èmi á ṣe é. Mo pe bíríkìlà. Ó wo ilé yípo, ó ní ibì kan ṣoṣo ló gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjókòó àti kòtò rẹ̀, ibi ààrò ọṣẹ mi ni. Ààrò yẹn, èmi àti ọkọ mi la jọ mọ ọ́n. Mo ní kí ó wó o. Kò sí àyè ìdáná ọṣẹ mìíràn lẹ́yìnkùlé mi, nítorí náà lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìdí Arẹrẹ ni mo ti ń ra ọṣẹ tí mò ń tà báyìí. Kì í ṣe ọṣẹ mi, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀. Mi ò kábàámọ̀ nígbà náà. Mo ní kí bíríkìlà ri irin mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, kí ó lè ju tọ̀hún lọ.

Wọ́n dí kòtò níkẹyìn. Wọ́n mú ọ̀nà tẹ́jú, wọ́n da ọ̀dà títì sí i, ó ń dán. Àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ kiri láìní ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi, yàrá Ìyá ni mo dojú kọ. Mo fọ̀ ọ́, mo sá bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ aṣọ tuntun. Mi ò lọ pè wọ́n. Wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀, mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn gbé wọn wá, kí ìyàwó rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Ìyá nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá wọn, lórí títì tuntun, wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Kò sí ẹni tó dì wọ́n mú. Ayọ̀ gbé mi débi pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo sáré gbé kẹ́tùrù, mo bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, mo gbé e dání, mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ọ̀pá wọn. Ó dé ìloro. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Mo ń retí kí wọ́n tì í.

Ọ̀pá dúró. Ìyá wúkọ́ díẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn níta, ó rọ̀, ó ní ọ̀wọ̀ nínú:

"Àgò ilé o."

Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí ẹni tó ni ilé. Mo gbé kẹ́tùrù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fi ìborùn mi nu ojú.

Mo ní, "Àgò yà o, Ìyá mi."

Mo ṣílẹ̀kùn, mo yà fún wọn, wọ́n wọlé, wọ́n sì dúró títí mo fi fi àga hàn wọ́n. Òórùn ọṣẹ yẹn bá wọn wọlé. Wọ́n bi mí pé ṣé dáadáa ni mo wà. Mo ní dáadáa ni. Mo wá lọ bu omi fún wọn nínú ife onígíláàsì tí mo máa ń gbé fún àlejò.